Ìtẹ́ Ẹyẹlé Nínú Ajeruku

Ẹ bá mi ka èyí dópin kí ẹ tó ṣẹ́ èpè fún mi. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ ṣẹ́ ẹ, mi ò ní bínú. Èmi náà ti ṣẹ́ ẹ fún ara mi, ó ti di ọdún mẹ́fà.

Gopen Dolui lorúkọ mi. Ilé ìyọ́rin kékeré kan ní Howrah, ní ilẹ̀ India, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdérí ihò gọ́tà là ń ṣe, èyí tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ò mọ̀ wá, àwa náà ò mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó mú mi dé ibi iṣẹ́ náà ni Sanatan, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Sanatan-da ni gbogbo wa ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹni tó bá juni lọ. Òun ló fa ọwọ́ Malati lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, torí pé bàbá àti ìyá wọn ti kú.

Ó ní, "Gopen, àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi nìyí. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kó o kọ́lé fún un. Má ṣáà jẹ́ kó sunkún."

Mo ní, "Kò ní sunkún, Sanatan-da."

Iṣẹ́ irin fífá ni tirẹ̀. Bí a bá da irin yíyọ́ sínú yanrìn tó sì tutù, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn tó ń fá irin ló máa ń gbé e sẹ́nu òkúta tí ń yí, kí gbogbo rẹ̀ lè ṣí kúrò. Ibẹ̀ leruku wà. Eruku náà kúná bí ìyẹ̀fun, ó sì máa ń jókòó sórí irun ipéǹpéjú èèyàn.

Sanatan ní garawa kan tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ìdérí tó máa fá tí kò ní kọ́kọ́ bu omi lé lórí títí yóò fi rin gbingbin. Ó sì máa ń rẹ gamcha rẹ̀, aṣọ ìnujú pupa yẹn, sínú omi, á fi dì mọ́ imú. Kanai tó ń fá irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn.

"Sanatan-da, ṣé ìyàwó lẹ ń wẹ̀ ni? Ẹ kúkú fi atalẹ̀ pupa pa á lára, ká pe àlejò!"

Sanatan á dá a lóhùn látinú gamcha pé, "Èyí tí mo wẹ̀ ń ròde ọkọ. Tìrẹ tó ò wẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ ló ń bọ̀ wá sùn."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Omi garawa yẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn o, irin tútù tètè ń dógùn-ún, ọ̀gá wa Mallick-babu kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sanatan kì í jáwọ́, ara rẹ̀ sì le. Lọ́jọ́ ọdún Vishwakarma, òrìṣà àwa oníṣẹ́ ọwọ́, òun ló máa ń fun fèrè ìkarahun òkun nílé iṣẹ́ wa. Nínú ilé, obìnrin ló ń fun ún. Níbi iṣẹ́ wa, kò sí obìnrin tó ní èémí Sanatan. Bó bá fun ún lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tó wà lódìkejì ojú irin rélùwéè á mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí gbogbo ilé ìyọ́rin ra ẹ̀rọ tí ń fa eruku, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á tì í pa. Babu ra ọ̀kan. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n gbé e sí, wọ́n na páìpù rẹ̀ wá sórí òkúta ìfárin, àpò aṣọ funfun kan sì wà nínú ikùn rẹ̀ tí eruku ń kó sí. A sọ ọ́ ní Ajeruku.

Ọkùnrin tó wá tò ó fi gílóòbù pupa kékeré kan sára ògiri níwájú àwọn tó ń fá irin. Ó ní, "Bí èyí bá ń tàn, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ariwo ibí yìí pọ̀ jù, ẹ ò lè fi etí mọ̀ ọ́n."

Èmi ló fa súìṣì lé lọ́wọ́, torí èmi ni mò ń mójú tó wáyà àti ẹwìrì oníná tó ń fẹ́ iná iléru. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gopen, eruku tẹ́ ẹ̀ ń fojú rí yẹn, ẹ lè fi ikọ́ wú u jáde. Èyí tójú ò rí ló ń pani. Òun ló ń wọlé lọ jókòó, kì í sì í jáde mọ́. Torí náà, má pa ẹ̀rọ yìí o."

Mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo gbọ́.

Oṣù àkọ́kọ́ dára. Kanai tiẹ̀ ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tí wàhálà ti dé ni ọjọ́ ìdarin. Iná ilé iṣẹ́ wa kò tó ẹ̀rọ méjèèjì. Bí Ajeruku bá ń jẹ, ẹwìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí arúgbó, iléru kò ní gbóná tó, irin á sì dì kó tó kún inú yanrìn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ogójì ìdérí bàjẹ́. Babu fẹsẹ̀ ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló sì dùn ún.

Ó pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ní kí n jókòó. Kò ní kí n jókòó rí.

"Gopen, Haripada fẹ́ padà sí abúlé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ta lo rò pé ó yẹ kí n fi ṣe mistri?"

Mistri, ipò tí Haripada wà, ni ọ̀gá pátápátá láàárín àwa òṣìṣẹ́. Òun ni kì í ru nǹkan, tó ń mu tíì lórí ìjókòó. Mo ti ń fojú inú wo ara mi lórí ìjókòó yẹn láti ọdún tí mo débẹ̀.

Mo ní, "Ẹni tó bá wu Babu ni."

"Ẹni tí kò bá jẹ́ kí n rí irin tó bàjẹ́ mọ́ ló wù mí. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa wáyà o. Ohun tó o bá ṣe, má wá sọ ọ́ fún mi."

Ẹ ò rí i bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ láì ní kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan? Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e lé e lórí. Ọwọ́ tèmi ló pa súìṣì.

Mo kọ́kọ́ ń pa á lọ́jọ́ ìdarin nìkan. Gílóòbù pupa kú, Sanatan sì rí i lójú ẹsẹ̀.

"Gopen, Ajeruku ti sùn o."

"Mò ń tún un ṣe ni, Sanatan-da."

"Kò burú. Garawa mi ò sùn ní tiẹ̀." Ó fa garawa sún mọ́ra. Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè omi, iṣẹ́ falẹ̀, Babu ń wò mí láti ojú fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wọn jókòó síta tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì yíyan, mo gun àkàbà. Mo yọ wáyà gílóòbù náà kúrò lára ẹ̀rọ, mo sì so ó mọ́ iná gbogbogbòò, kó lè máa tàn yálà Ajeruku ń jẹ tàbí kò jẹ. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Nígbà tí wọ́n wọlé, gílóòbù ń tàn. Sanatan pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Ẹ̀rọ tí ọkọ àbúrò mi fọwọ́ kàn!"

Mo ní èrò pé títí oṣù náà á fi parí ni. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oṣù yẹn parí, irin dára, Haripada lọ, mo di mistri. Àwọn ará ìjọba wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Mo tan ẹ̀rọ fún wọn, wọ́n mu tíì, wọ́n lọ, wọn ò sì padà wá. Mo pa á padà, mi ò sì fọwọ́ kan súìṣì yẹn mọ́.

Kanai ló kọ́kọ́ fura.

"Mistri, mo ń fọ imú lálẹ́, dúdú ló ń jáde. Ajeruku yìí ò yó ni, àbí kò jẹun?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Kanai, eruku tó ò ń rí yẹn kọ́ ló ń pani. Èyí tójú ò rí ni Ajeruku ń fà. Ṣé o lè rí ohun tójú ò rí ni?"

Òótọ́ tí wọ́n fi kọ́ mi ni mo mú pa irọ́. Kanai ṣì ń mi orí bí ẹni tí kò gbà, ni Sanatan bá dìde.

"Kanai, ọkọ àbúrò mi ni. Bó bá ní ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Gílóòbù kì í purọ́."

Ó tú gamcha kúrò nímú, ó so ó mọ́ ọrùn. Ó da omi inú garawa rẹ̀ nù, ó dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ó jókòó lé e. Láti ọjọ́ yẹn, garawa di àpótí ìjókòó.

Mo rí i. Mistri ni mí, iṣẹ́ mi ni kí n máa rí nǹkan. Mo padà lọ mu tíì mi.

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì. Àwọn oníṣègùn àdúgbò ní ikọ́ ife ni, wọ́n fún un lóògùn oṣù mẹ́fà. Ó lò ó tán, kò yàtọ̀.

Ní tiwa, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí wọ́n ń ṣàpọ́nlé ọkọ ọmọ, tí à ń pè ní jamai: ọjọ́ Jamai Shashthi nìyẹn. Ìyá ìyàwó ló máa ń se oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Malati ò sí, ìyàwó Sanatan ló ń ṣe é fún mi. Boudi là ń pè é, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni. Lọ́dún yẹn ó se ẹja ilish, ó gé máńgòrò, ó jókòó tì mí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ mi, ó tún ń bá mi yọ egungun ẹja. Sanatan ń wúkọ́ nínú yàrá.

Boudi ní, "Gopen, ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ṣá?"

Ẹja wà lẹ́nu mi.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Boudi."

"Ọlọ́run ṣeun. Mo ní ó lè jẹ́ eruku ni. Jẹun, jẹun, o ò tíì fọwọ́ kan máńgòrò."

Mo jẹ máńgòrò náà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí ju ọjọ́ tí mo gun àkàbà lọ.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọdún mẹ́ta tán. Àárọ̀ ọjọ́ ọdún Vishwakarma ni.

Lọ́jọ́ náà, a kì í ṣiṣẹ́. Gbogbo súìṣì la máa ń pa. A ó fọ gbogbo ẹ̀rọ, a ó kun wọ́n ní àmì pupa níwájú, a ó fi òdòdó òfééfèé kọ́ wọn lọ́rùn. Lókè, bébà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n so okùn mọ́ ti kún ojú ọ̀run, gbogbo òrùlé Howrah lèèyàn wà tó ń fi okùn mú un fò.

Sanatan dé pẹ̀lú fèrè rẹ̀. Ó ti gbẹ, ẹ̀wù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ó gbé fèrè sẹ́nu. Ó dún díẹ̀, ó sì kú. Ó sinmi, ó gbé e sẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì. Kò dún rárá, ikọ́ ló tẹ̀ lé e, ó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú.

Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kanai tó máa ń yẹ̀yẹ́ ohun gbogbo rọra gba fèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi eteetí gamcha nu ún.

Sanatan jókòó sórí garawa, ó wo yíká.

"Ajeruku ńkọ́? Ẹ ò fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn."

Mo ní, "Ẹ̀yìn ògiri ló wà, Sanatan-da. Màá kọ́ ọ tó bá yá."

"Rárá o. Òun tó ń bá wa jẹ eruku láti bí ọdún mẹ́ta wá? Inú rẹ̀ ló yẹ ká fọ̀. Ẹ gbé omi wá."

"Ẹ má ṣí i! Yóò... yóò bàjẹ́. Ẹni tó tò ó ní kí a má ṣí i."

"Gopen, kí ló dé tí ò ń làágùn?"

Ó ti dìde. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ògiri. Àgbà tó ṣàìsàn ni, mo sì lè dì í mú, ṣùgbọ́n mi ò dì í mú. Kanai tú ìdè ilẹ̀kùn ikùn ẹ̀rọ, ó fà á.

Ẹyẹlé kan fò jáde, ó gba ojú Kanai kọjá.

Ìtẹ́ wà nínú Ajeruku. Koríko, ìyẹ́, imí ẹyẹ, àti ẹyin méjì. Lókè ìtẹ́ náà, àpò tó yẹ kí eruku wa kún ń fì, ó funfun bí aṣọ tí wọn ò tíì wọ̀ rí.

Kanai yọjú wo inú ilé iṣẹ́. Gbogbo súìṣì la ti pa. Gílóòbù pupa ń tàn lára ògiri.

Sanatan ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

Ó ní, "Gopen, gbogbo ìgbà yìí, níbo ni eruku wa ń lọ?"

Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó sì mi orí bíi pé mo ti dá a lóhùn.

Kanai ló kọ́kọ́ gbá mi. Ó ní, "O bi mí bóyá mo lè rí ohun tójú ò rí! O fi mí ṣe òmùgọ̀!" Àwọn yòókù dé. Mi ò dáàbò bo ara mi. Sanatan ló dá wọn dúró.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Sanatan-da, ó ti pa wá!"

"Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wá síbí." Ó kó gbogbo wọn, èèyàn mọ́kànlá, lọ síwájú òrìṣà, níbi tí a tẹ́ òòlù àti ọ̀pá irin sí. "Ẹ fọwọ́ lé òòlù yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Malati ò gbọ́dọ̀ gbọ́ látẹnu yín. Èmi ń lọ, mo ti mọ̀. Mi ò lè tún fi àbúrò mi sílẹ̀ nínú ilé tí kò ti ní lè wojú ọkọ rẹ̀."

Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń búra. Kanai ló búra kẹ́yìn. Babu wọlé pẹ̀lú páálí àdídùn ọdún, ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí, ó rí ẹyin, ó gbé páálí náà kalẹ̀. "Ẹ tún un ṣe lọ́la," ló wí, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá ní Kolkata la ti rí òótọ́ àìsàn náà. Dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú iná. "Eruku yanrìn ni, kì í ṣe ikọ́ ife. Ó ti sọ ẹ̀dọ̀fóró yín di líle. Kò sóògùn tó ń yọ ọ́."

Mo dúró de dókítà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi fá irin. Bó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn ò sí ńkọ́?"

Ó ní, "Mi ò lè pín in fún ọ lọ́dọọdún, bàbá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo èyí tí kò bá wọlé ìbá ṣe é láǹfààní."

Ọjọ́ àpọ́nlé ọkọ ọmọ tún dé. Sanatan kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, ó ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn ni. Mo ní mi ò ní lọ. Ó ránṣẹ́ wá: "Sọ fún jamai mi pé mo ń retí rẹ̀."

Boudi se ilish. Malati jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Sanatan ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Malati gbójú sókè.

"Sanatan-da, ẹ má bọkàn jẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀rọ tí ọkọ mi ń tọ́jú. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ìbá ti burú ju báyìí lọ."

Ọwọ́ mi dúró nínú àwo. Boudi náà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Sanatan pa ojú dé. Ó wá èémí títí ó fi rí i. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Jẹun, jamai."

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá èmi nìkan sọ kó tó lọ. Ó ní, "Garawa mi wà níbẹ̀."

Mo fi ipò mistri sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a sun òkú rẹ̀. Babu ní orí mi ti dàrú. Ajeruku ti ní wáyà tirẹ̀ báyìí, Kanai ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì ń ṣí ikùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi garawa Sanatan bu omi lé irin kí wọ́n tó fá a. Àwọn tuntun tí kò mọ̀ mí máa ń bi mí bóyá ìyàwó ni mò ń wẹ̀. Kanai kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àwọn mọ́kànlá yẹn ò tíì da ìbúra wọn. Ọdún mẹ́fà nìyí tí Malati ti ń gbé àwo oúnjẹ síwájú mi, tó ń gbé òdòdó síwájú fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá kan náà. Èmi ni mò ń ra òdòdó náà. Ó máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ òun fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n òun ju ẹni tó bí i lọ.

Mi ò lè gbé e mọ́.

Mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó ní kí èmi fọwọ́ lé òòlù. Wọ́n búra, èmi ò búra.

Malati ò mọ̀wé kà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, bó bá ń gé ẹ̀fọ́, ọmọ wa Jhuma ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí, ojú ìwé ìjẹ́wọ́ yìí ni Malati sì fẹ́ràn jù. Ó máa ń mí kanlẹ̀, á ní, "Irú èèyàn wo nìyẹn?" Olóòtú ní òun á bá mi yí orúkọ padà. Mo ní kó má yí ọ̀kankan.

Jhuma, mo mọ̀ pé o ti dákẹ́ báyìí, ìyá rẹ sì ń bi ọ́ kí ló dé. Má ṣe pa ìwé náà dé. Kà á fún un tán.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lọ síbì kankan.